Bí Àdúgbò Kan Ní Ìbàdàn Ṣe Lè Di Ọ̀dọ́ Tí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Fẹ́ Yẹ̀ Mú

Ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ níhìn-ín ni ẹni tí àdúgbò rẹ̀ ń gbọ́ sí lẹ́nu ní Ìbàdàn, yálà ó jẹ́ Mọ́gàjí agboolé, alága ẹgbẹ́ onílé, ìmáàmù, pásítọ̀, ìyálọ́jà tàbí ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó ní ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó ti ń rí àwọn ọmọkùnrin kan ní oríta kan náà láàárọ̀ àti lálẹ́, tí wọn kò sí nílé ẹ̀kọ́, tí wọn kò sì sí lẹ́nu iṣẹ́. Ó mọ ọmọbìnrin tí ó pa ẹ̀kọ́ tì nígbà tí ó lóyún, tí kò sì sẹ́ni tí ó tún bá a sọ̀rọ̀ ìwé mọ́. Ó fẹ́ ṣe nǹkan kan sí i. Ìmọ̀ràn mi kò gùn: kí ẹ fi àgbàlagbà kan ti ọ̀dọ́ kan lẹ́yìn fún ọdún kan ó kéré tán, kí gbogbo rẹ̀ sì wáyé ní gbangba, lábẹ́ ojú àdúgbò. Ohun tí ó kù nínú àkọsílẹ̀ yìí ni bí a ṣe ń ṣe é tí kò fi ní bàjẹ́ lójú ọ̀nà.

Ẹ má ṣe fi ayẹyẹ bẹ̀rẹ̀

Ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn àwọn aṣáájú ni ìpàdé ńlá. Wọn a gba gbọ̀ngàn, wọn a pe olóṣèlú, wọn a pín ẹ̀rọ ìránṣọ àti ẹ̀rọ ìgẹrun, wọn a ya fọ́tò, olúkúlùkù a sì gba ilé rẹ̀ lọ. Láìpẹ́, púpọ̀ nínú ẹ̀rọ wọ̀nyẹn á ti dé ọwọ́ ẹlòmíràn, nítorí pé ẹni tí a fún ní ẹ̀rọ láìkọ́ ọ níṣẹ́, tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, tí ebi sì ń pa, kò ní ohun mìíràn tí ó lè fi í ṣe ju kí ó tà á lọ. Èmi kò dá ọmọ náà lẹ́bi. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé a kì í fi ọjọ́ kan bọ́ ọmọ tó rù, ìwádìí àwọn onímọ̀ sì gbè wọ́n lẹ́yìn.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fi àgbàlagbà tí ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ ti ọmọ tí kò ní alábòójútó lẹ́yìn láti ọdún 1904, àwọn onímọ̀ méjì kan, Jean Grossman àti Jean Rhodes, gbé àyẹ̀wò kan jáde ní 2002 lórí bí àjọṣe bẹ́ẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó. Àwọn ọ̀dọ́ tí àjọṣe tiwọn pé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó jèrè jù lọ. Àwọn tí tiwọn já kí oṣù mẹ́ta tó pé kò jèrè nǹkan kan, ojú tí wọ́n fi ń wo ara wọn tilẹ̀ rẹlẹ̀ sí i. Ọmọ tí baba rẹ̀ ti fi sílẹ̀ rí kò nílò ẹlòmíràn tí yóò tún fi í sílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ kò ní lè fi ọdún kan gbáko ṣe é, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ìwádìí kejì tí mo máa ń rántí ni ti Emmy Werner, ẹni tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn ọmọ 698 tí wọ́n bí ní ọdún 1955 ní erékùsù Kauai ní Hawaii, láti inú oyún títí wọ́n fi dàgbà. Nínú àwọn tí ìṣẹ́ àti ìjà ilé yí ká láti kékeré, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni ó di ènìyàn gidi tí ó lè dá dúró. Ohun kan tí ó máa ń wà nínú ìgbésí ayé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni àgbàlagbà kan tí kò yẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, yálà ìyá àgbà, olùkọ́, tàbí aládùúgbò lásán. Ẹ kíyè sí i pé ẹnì kan péré ni, kì í ṣe ìgbìmọ̀.

Ohun méjì wà tí àwọn ènìyàn rere máa ń ṣe tí ó ń ba nǹkan jẹ́. Èkíní ni kíkó gbogbo ọmọ tí ó ti ń ṣe ìpáǹle jọ sí ibùdó kan fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí wọ́n lè gba ìwàásù papọ̀. Ní ìlú Cambridge àti Somerville ní Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ìrànlọ́wọ́ kan fún àwọn ọmọkùnrin ní 1939. Nígbà tí onímọ̀ kan, Joan McCord, padà lọ wá wọn rí ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ó rí i pé àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ kò sàn ju àwọn tí wọn kò ràn lọ́wọ́ lọ, ìgbésí ayé wọn sì burú jù ní àwọn ọ̀nà kan; àwọn tí wọ́n kó lọ sí ibùdó ìsinmi léraléra wà lára àwọn tí ó burú jù. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ọmọ tí ó ń jalè díẹ̀díẹ̀ pàdé èyí tí ó ń fọ́ ilé, ó sì kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ju lọ́dọ̀ oníwàásù lọ. Ẹ pín wọn káàkiri àárín àwọn ọmọ tí ń ṣe dáadáa, nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, nínú ẹgbẹ́ akọrin tàbí ilé kéwú, kí ọ̀kan tàbí méjì máa wà nínú ogún.

Èkejì ni dídẹ́rù bà wọ́n. Àwọn kan á ní kí a kó wọn lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Àgódì kí wọ́n lè rí ìyà, àwọn mìíràn á sì pe sójà kan tí ó ń gbé àdúgbò pé kí ó nà wọ́n kí ọgbọ́n lè wọ̀ wọ́n lórí. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti dán mímú ọmọdé wọ ẹ̀wọ̀n wò láti dẹ́rù bà á, wọ́n sì fi àwọn tí wọ́n mú lọ wé àwọn tí wọn kò mú lọ nínú ìwádìí ju ẹyọ kan lọ; àwọn tí wọ́n mú lọ ni ó padà dá ọ̀ràn jù. Ní ti sójà, ọmọ tí wọ́n nà ní gbangba lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í kọ́ ohun mìíràn ju pé ẹni tí ó ní agbára ni ó ń jàre, yóò sì lọ wá agbára tirẹ̀.

Ẹ wádìí ẹni tí ó ń tọ́ ọmọ náà lọ́wọ́lọ́wọ́

Kò sí ọ̀dọ́ tí kò ní olùkọ́. Ọmọ tí ẹ rí ní gáréèjì tí ó ń gba owó lọ́wọ́ awakọ̀ ti ní ọ̀gá tí ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbà á. Èyí tí ó ń sun oorun ọ̀sán nítorí pé ó fi òru jókòó ti yàhúù ti ní ẹni tí ó ra kọ̀ǹpútà fún un. Èyí tí ó ń gbé àdá jáde nígbà ìdìbò ti ní olóṣèlú tí ó mọ orúkọ ìyá rẹ̀. Kí ẹ tó lọ bá a, ẹ fara balẹ̀ mọ ohun tí ó ń rí gbà lọ́dọ̀ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ oúnjẹ tàbí ibi ìsùn. Ó lè jẹ́ ààbò, nítorí pé ọmọkùnrin tí ó gbọ́dọ̀ gba àárín àdúgbò méjì tí ń bára wọn jà kọjá nílò ẹni tí yóò sọ pé, "Tiwa ni." Nígbà púpọ̀, iyì ni: ilé ni wọ́n ti ń pè é ní aláìwúlò, níta ni wọ́n ti kọ́kọ́ fún un ní iṣẹ́ tí wọ́n sì yìn ín pé ó ṣe é dáadáa.

Àgbàlagbà àdúgbò kò lè san iye tí ọ̀gá gáréèjì ń san, kò sì yẹ kí ó gbìyànjú rẹ̀. Ohun tí ó lè fún ọmọ náà ni iṣẹ́ tí kò ní àtìmọ́lé nínú, àti ẹni tí kò ní gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ tí kò bá wúlò mọ́.

Ìbàdàn mọ nǹkan yìí ju ìlú púpọ̀ lọ. Nígbà tí ó di ibùdó ogun ní nǹkan bí ọdún 1829, láti ìlú oríṣiríṣi ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ti ń wọ́ wá, tí ogun ti lé kúrò nílé baba wọn. Wọn kì í dá wà. Ọ̀dọ̀ ológun kan ni wọ́n ń lọ, tí ń bọ́ wọn, tí ń kọ́ wọn, tí ó sì ń dáhùn fún wọn níwájú ìlú. Láti ilé irú àwọn ológun bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú agboolé tí a mọ̀ lónìí ti ṣẹ̀, Mọ́gàjí ni ó sì jókòó sí ipò wọn. Bí Mọ́gàjí bá wá sọ pé ọmọ tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ òun kò kan òun, ìtàn ilé rẹ̀ kò gbè é lẹ́yìn.

Ẹ wádìí ọ̀rọ̀ oògùn olóró pẹ̀lú, láìfi ariwo ṣe é. Ìwádìí ti 2018 tí àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ìjọba àpapọ̀ ṣe fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 15 sí 64 ní Nàìjíríà, ó lé ní 14 tí ó lo oògùn olóró tàbí tí ó ṣi oògùn lò láàrin ọdún kan. Ní Gúúsù Ìwọ̀ Oòrùn, iye náà lé ní 22. Igbó ni ó pọ̀ jù, lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn oògùn ìrora bíi tramadol àti oògùn ikọ́ tí ó ní codeine nínú. Ọmọ tí ó wà nínú èyí kò ní lè pa àdéhùn mọ́ bí àwọn yòókù, ó sì yẹ kí ẹ ti mọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó yẹ kí ẹ yàn

Ẹ yan ẹni tí ó ń gbé níbi tí ọmọ náà lè fi ẹsẹ̀ rìn dé, tí ó ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí àwọn ènìyàn mọ̀, tí kì í tètè bínú, tí ọjọ́ kan pàtó sì wà láàrin ọ̀sẹ̀ tí ó lè fi sílẹ̀ láìyẹ̀. Kò pọn dandan kí ó lówó, kò sì pọn dandan kí ó kàwé púpọ̀. Fọkanáísà tí ó ti wà ní ìdí iṣẹ́ rẹ̀ fún ogún ọdún, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ṣì ń wá kí nígbà ọdún, sàn fún mi ju lọ́yà tí kò sí nílé. Ẹ yẹra fún ẹni tí ó ń wá ìbò, ẹni tí ìyá ọmọ náà jẹ lówó, àti ẹni tí òun náà ń mu nídìí ọtí tí ọmọ náà ń jókòó sí. Obìnrin ni kí ẹ fi ti ọmọbìnrin lẹ́yìn. Lórí èyí, n kò gba àríyànjiyàn.

Kí ẹ tó gbà á, ẹ lọ bi àwọn tí wọ́n ti bá a gbé: ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyàwó ilé rẹ̀, àwọn ará mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ẹ sọ òfin tí yóò máa tẹ̀ lé fún un níwájú ẹlẹ́rìí. Gbangba ni kí ó ti máa rí ọ̀dọ́ náà, ní ìta ṣọ́ọ̀bù, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ní pápá, kì í ṣe nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Àwọn òbí tàbí alágbàtọ́ ọmọ náà gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ àti wákàtí. Kò gbọ́dọ̀ sí ìpàdé òru, kò gbọ́dọ̀ sí ẹ̀bùn fóònù, kò sì gbọ́dọ̀ sọ ọmọ náà di ẹni tí ń fọ mọ́tò tàbí tí ń jẹ́ iṣẹ́ fún un. Ìbàdàn jẹ́ ìlú tí mùsùlùmí àti kìrìsìtẹ́nì jọ ń gbé nínú agboolé kan náà. Olùtọ́sọ́nà, ìyẹn àgbàlagbà tí ẹ yàn yìí, tí ó bá fi àkókò náà ṣe ìyílọ́kànpadà yóò pàdánù ọmọ náà, yóò sì pàdánù àwọn òbí rẹ̀. Ẹni tí ó bá bínú nígbà tí ẹ bá ń ka òfin wọ̀nyí, tí ó ní ẹ kò fọkàn tán òun, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì wá ẹlòmíràn. Kò sí àyẹ̀wò mìíràn tí ó tètè ń fi ènìyàn hàn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́ náà ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹni mẹ́ta bá wà tí ẹ fọkàn tán, ẹ bi í léèrè èyí tí ara rẹ̀ yá sí. Ó ti ń wo gbogbo àgbà àdúgbò láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ìṣe rẹ̀ mu.

Ìpàdé àkọ́kọ́ àti oṣù mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e

Ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kí olùtọ́sọ́nà àti àgbà kan lọ kí òbí ọmọ náà, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n má sì fi ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀. Ìyá tí ó ti gbọ́ èébú nítorí ọmọ rẹ̀ lọ́dọ̀ gbogbo ènìyàn yóò rò pé èébú ni ẹ̀yin náà bá wá. Ohun tí ó yẹ kí ẹ sọ ni èyí tàbí ohun tí ó jọ ọ́: "Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. A kò wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn. A rí i pé ó ní làákàyè, a sì fẹ́ kí ó máa wá sọ́dọ̀ ọ̀kan nínú wa lọ́jọ́ Sátidé, bí ẹ bá fún wa láyè." Bí kò bá gbà lọ́jọ́ náà, ẹ padà lọ lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e.

Ní ti ọmọ náà fúnra rẹ̀, yóò fura. Ìbéèrè tí ó máa ń wá ni, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?" Ẹ má ṣe dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ńlá nípa ọjọ́ ọ̀la. Ẹ sọ òótọ́ ní kúkúrú: "N ò fẹ́ gba nǹkan kan. Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù títí di aago méjì. Bí o bá wá, a ó jọ jẹun." Àwo àmàlà méjì lórí bẹ́ǹṣì kan máa ń la ẹnu tí ìwàásù kò lè là. Ẹ ṣiṣẹ́ yín lọ nígbà tí ó bá wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó di irinṣẹ́ mú fún yín díẹ̀, nítorí pé ọmọkùnrin máa ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dí tí ojú kò sì kọ ojú.

Yóò dán yín wò. Kò ní wá lọ́sẹ̀ kejì, tàbí kí ó wá nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú, tàbí kí ó purọ́ pé ìyá òun ń ṣàìsàn. Oṣù mẹ́ta yìí ni ọ̀pọ̀ olùtọ́sọ́nà ń sá, wọ́n sì ń rò pé ọmọ náà ni kò fẹ́. Ohun tí ọmọ náà ń wò ni bóyá ẹ ó wà níbẹ̀ nígbà tí òun kò bá wá. Ẹ wà níbẹ̀. Ẹ ránṣẹ́ sí i pé ẹ dúró dè é, láìbínú, kí ẹ sì tún sọ ọjọ́ tí ó kàn. Lọ́jọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín kò bá ní lè wá, ẹ sọ fún un ṣáájú, kódà bí ó bá jẹ́ pé ìsìnkú ni.

Yóò tọrọ owó. Ìdáhùn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà nígbà gbogbo: ẹ kì í fún un lówó, ṣùgbọ́n bí ebi bá ń pa á, oúnjẹ wà. Bí ọ̀ràn náà bá ju ebi lọ, bí àpẹẹrẹ bí wọ́n bá fẹ́ lé ìyá rẹ̀ kúrò nílé nítorí owó ilé, ẹ gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ àdúgbò, ẹ má ṣe yọ ọ́ láti inú àpò yín. Owó tí ó bá ti ń lọ láàrin yín ní ìkọ̀kọ̀ ti sọ yín di baba ìsàlẹ̀, ó sì ti ní ọ̀kan tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ó bá ṣẹ̀, ẹ bá a wí. Ẹ bá a wí lórí ohun tí ó ṣe, ní ìkọ̀kọ̀ sí etí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣùgbọ́n ní ibi tí ojú lè tó yín, kí ẹ sì sọ ìgbà tí ẹ ó tún ríra kí ó tó dìde.

Iṣẹ́ ọwọ́ àti ìwé

Ibí ni ètò púpọ̀ ti ń kú, mo sì fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà bá ti ń wá déédéé, ìbéèrè ohun tí yóò máa ṣe láti Mọ́ńdé sí Fúráídé yóò dé. Ẹ má ṣe yan iṣẹ́ fún un. Ẹ mú un lọ wo ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ó kéré tán: mẹkáníìkì, télọ̀, àwọn tí ń tún fóònù ṣe ní Queen Cinema, àwọn oníṣẹ́ pákó ní Bódìjà, tàbí ohunkóhun tí ojú rẹ̀ bá ń lọ sí. Ẹ jẹ́ kí ó lo ọjọ́ méjì-mẹ́ta níbi tí ó bá yàn kí ẹ tó sọ̀rọ̀ àdéhùn.

Ẹ kọ àdéhùn náà sílẹ̀. Kí iye ọdún wà nínú rẹ̀, iye owó ìkọ́ṣẹ́ àti ìgbà tí a ó san án, ẹni tí yóò ra irinṣẹ́, ọjọ́ ìsinmi, àti ohun tí ọ̀gá yóò fún un bí ó bá bá a ṣe iṣẹ́ tí ó mówó wọlé. Kí ó sì ṣe kedere pé ọ̀gá kò ní máa nà án, kò sì ní máa fi í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní ilé rẹ̀. Kí ẹ̀yin fi ọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ọ̀gá tí ó mọ̀ pé alága ẹgbẹ́ onílé yóò wá bèèrè ọmọ náà lóṣooṣù kì í fi í ṣeré.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ọ̀lẹ ni ọmọ tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàrin ọdún àkọ́kọ́. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán ni ó lé púpọ̀ nínú wọn. Ọmọ iṣẹ́ kì í gba owó oṣù, gáréèjì sì ń san lójoojúmọ́. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wá ṣọ́ọ̀bù tí kò ní nílò kí ó wọ ọkọ̀ Micra lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dá àjọ fún oúnjẹ rẹ̀. Bí ogún onílé bá ń dá ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ́sẹ̀, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà ni ó ń wọlé lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ sì lè fi bọ́ ọmọ mélòó kan lọ́sàn-án láìbẹ olóṣèlú. Ọ̀dọ̀ olóúnjẹ ni kí owó náà lọ tààrà, kí olóúnjẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Kí díẹ̀ máa wọlé sí àpò ọ̀tọ̀ fún irinṣẹ́ tí ọmọ náà yóò gbà lọ́jọ́ tí ó bá gba fúrídọ̀ọ̀mù. Irinṣẹ́ tí a fún ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n lò kì í tètè di títà.

Ọ̀nà tí ìjọba là sílẹ̀ wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fojú fò. Àjọ NDE, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1986, ní ètò ìkọ́ṣẹ́ ọwọ́ fún àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó wà fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní Trade Test, àjọ ìdánwò NABTEB sì ń ṣe tirẹ̀ fún àwọn tí ó gba ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kọjá. Ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí wẹ́dà lè wá iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ńlá dípò kí ó wà ní ìta nìkan. Ẹ bèèrè nípa wọn kí ọdún àkọ́kọ́ tó parí.

Ní ti ọmọbìnrin tí ó lóyún tàbí tí ó ti bímọ, ohun tí ó ń dá a dúró ni ẹni tí yóò gbé ọmọ. Bí ẹ bá rí ìyá àgbà kan nínú agboolé tí yóò máa mójú tó ọmọ náà láti aago mẹ́jọ sí aago méjì, ẹ ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Ẹ lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, ẹ̀yin fúnra yín, nítorí pé ìtìjú kò ní jẹ́ kí òun dá lọ.

Bí ọlọ́pàá bá mú un, bí oògùn bá sì wọ̀ ọ́ lára

Ẹ lọ kí DPO àgọ́ ọlọ́pàá yín nígbà tí kò sí wàhálà, kí ẹ sọ ohun tí ẹ ń ṣe fún un. Lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé, ẹ ó ti di ẹni tí ó mọ̀. Ẹ mọ òfin náà pẹ̀lú: ìwé òfin Nàìjíríà, ní abala 35, sọ pé níbi tí ilé ẹjọ́ bá wà láàrin kìlómítà 40, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ẹni tí wọ́n fura sí lọ síwájú ilé ẹjọ́ láàrin ọjọ́ kan. Kò sí ibi kan láàrin ìlú Ìbàdàn tí kò sí ilé ẹjọ́ láàrin kìlómítà 40, èyí tí ó wà ní Ìyágànkú nìkan ti tó. Ọ̀fẹ́ ni béèlì. Bí ọmọ náà kò bá tíì pé ọdún 18, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ rán an lọ sẹ́wọ̀n, kóòtù ìdílé ni ó sì yẹ kí ó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Àjọ Legal Aid Council, tí ó ti wà láti 1976, ń fún àwọn tí kò lówó ní lọ́yà láìgba owó. Bí ọmọ náà bá jẹ̀bi, ẹ má ṣe sọ pé kò ṣe é. Ẹ dúró tì í, ẹ bá a lọ sí kóòtù, ẹ sì bẹ ẹni tí ó ṣẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ewu kan wà tí ó ju ti ọlọ́pàá lọ. Nígbà tí nǹkan bá sọnù ládùúgbò, orúkọ ọmọ yìí ni wọn yóò kọ́kọ́ dá, àwọn tí inú ń bí sì lè kó táyà jáde kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ẹ̀rí. Lọ́jọ́ náà, Mọ́gàjí tàbí alága gbọ́dọ̀ jáde síta fúnra rẹ̀, kí ó dúró níwájú ọmọ náà, kí ó sì ní kí a pe ọlọ́pàá. Kí ẹ ti sọ èyí nínú ìpàdé onílé ṣáájú, kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ìpinnu àdúgbò ni.

Ní ti oògùn olóró, ẹ má ṣe so ó mọ́lẹ̀, ẹ má sì ṣe tì í mọ́ yàrá pé kí ó gbàgbé rẹ̀ lójijì. Ẹni tí tramadol ti wọ̀ lára lè ní gìrì, yálà nígbà tí ó bá mu ún ju bó ṣe yẹ lọ tàbí nígbà tí ó bá fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí gìrì bá mú un, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má ṣe ki nǹkan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má ṣe fún un ní epo tàbí ìtọ̀ màlúù, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn dókítà tí ó mọ̀ nípa ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn UCH. Ìtọ́jú irú èyí kò sì nílò kí a mú ènìyàn kúrò láàrin ẹbí: ní Arò ní Abẹ́òkúta, ní àwọn ọdún 1950, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn ọpọlọ sí abúlé lọ́dọ̀ àwọn ará ilé, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú ilé ìwòsàn lọ́sàn-án tí wọ́n sì ń gbé ìgbésí ayé wọn láàrin ènìyàn, ayé gbogbo sì kọ́ ọgbọ́n lára rẹ̀. Ọmọ náà lè padà sídìí oògùn lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó bọ́. Kí àdéhùn Sátidé má yẹ̀ nítorí ìyẹn.

Àwọn tí yóò máa ṣọ́ olùtọ́sọ́nà

Kí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta wà, kí obìnrin wà nínú wọn, kí wọ́n sì máa jókòó pẹ̀lú olùtọ́sọ́nà lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ìwé àjákọ kan tó: ọjọ́ tí wọ́n ríra, ọjọ́ tí wọn kò ríra, ibi tí iṣẹ́ dé, ohun tí ó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Kí ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ máa bá ọ̀dọ́ náà sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, kí ó sì bi í bóyá ohun kan wà tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn lọ́dọ̀ àgbàlagbà náà. Bí ó bá sọ ohun tí ó jọ ìwà àìtọ́, kí wọ́n dá àjọṣe náà dúró lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n sì gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ. Kò sí ọ̀rọ̀ bíbo àṣírí àgbà níbẹ̀. Ìtàn ọmọ náà kò gbọ́dọ̀ di ẹ̀rí jíjẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí àpẹẹrẹ inú wáàsí, bí ó ti wù kí ó dára tó, àyàfi bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ sọ ọ́ nígbà tí ó bá dàgbà.

Bí olùtọ́sọ́nà bá fẹ́ kó kúrò ní Ìbàdàn, tàbí tí àìsàn bá mú un, kí ó sọ fún ìgbìmọ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn jókòó láti ọjọ́ náà lọ. Òun fúnra rẹ̀ ni kí ó sọ ọ́ fún ọ̀dọ́ náà, lójúkojú, kì í ṣe lórí fóònù, kí ó sọ ìdí rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ó bínú bí ó bá fẹ́ bínú. Lẹ́yìn tí ó bá lọ, kí wọ́n dá ọjọ́ kan láàrin oṣù tí yóò máa pè é, kí ó sì máa pè é lọ́jọ́ náà.